Àgbọ́ìgbọ́tán: Lámèyítọ́ lórí Ọ̀rọ̀-Ìṣe ‘Gbọ́’ àti Àwọn Ẹlẹgbẹ́ Rẹ̀ nínú Ìgbò, Haúsá àti Gẹ̀ẹ́sì

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe lámèyítọ́ ọ̀nà tí a ń gbà kọ́ àwọn olùkọ́ ọ̀la bí a ti ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ láti èdè kan sí èkejì. Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá ‘gbọ́’ ni a fi ṣe àpẹẹrẹ. A wo iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ń ṣe nínú Yorùbá, a fi wé ‘nụ’ ti Ìgbò àti ‘ji’ ti Haúsá, a sì wo àwọn èdè mìíràn nílé àti lókèèrè. Ohun tí a rí ni pé àtẹ olópòó, níbi tí ọ̀rọ̀ kan ti dọ́gba pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan, ń ṣi olùkọ́ lọ́nà, ó sì ń pa akẹ́kọ̀ọ́ lára. A dábàá pé kí a máa kọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe pọ̀ mọ́ àbọ̀ rẹ̀, kí olùkọ́ sì mọ orísun àṣìṣe kí ó tó fa igi pupa sí i.

Ìfáàrà

Ní sáà ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ kan, wọ́n yàn mí láti lọ wo akẹ́kọ̀ọ́ wa kan tó ń kọ́ni ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Awkunanaw, nílùú Enugu. Gẹ̀ẹ́sì ni iṣẹ́ ọjọ́ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ wa ní kí àwọn ọmọ kọ gbólóhùn márùn-ún nípa ara wọn. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Ìgbò, tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ Yorùbá. Ó kọ ọ́ pé, ‘I can hear Yoruba but I cannot speak it.’ Akẹ́kọ̀ọ́ wa fa igi pupa sí ‘hear’, ó sì fún un ní òdo. Ó wá kọjú sí kíláàsì, ó bi wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì pé ṣé agogo ilé-ìwé ni Yorùbá ni, tí ó fi ń dún. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà ká ìwé rẹ̀ pọ̀, kò sì nawọ́ dáhùn ìbéèrè kankan mọ́ títí iṣẹ́ fi parí.

Mo máa ń ra èlùbọ́ lọ́wọ́ ìyá ọmọ yìí ní ọjà Gariki. Nígbà tí mo tún débẹ̀, ó ní, ‘Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ ọmọ yìí o. Ó ní òun ò gbọ́ Yorùbá mọ́. Bí mo bá bá a sọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá mi lóhùn. Ó ní tíṣà àwọn sọ pé Yorùbá kì í ṣe nǹkan tí èèyàn ń gbọ́.’

Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ náà ti mú ọgbọ́n rẹ̀ wá. Ẹni tó ń ṣe Yorùbá pọ̀ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni, èmi sì ni mo kọ́ ọ. Láti ọdún tó ti pẹ́ ni mo ti ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NCE ní àtẹ olópòó mẹ́rin: Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì, Ìgbò, Haúsá. Lórí ìlà kan nínú rẹ̀, ohun tí mo kọ ni: gbọ́, hear, nụ, ji. Ẹni tó bá gba àtẹ yẹn gbọ́ yóò rò pé etí nìkan ni ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà fún. Nítorí náà, iṣẹ́ ọwọ́ ara mi ni lámèyítọ́ yìí kọ́kọ́ dojú kọ.

Iṣẹ́ tí ‘gbọ́’ ń ṣe nínú Yorùbá

Kì í ṣe ‘gbó’ tí a fi ń sọ̀rọ̀ ajá tàbí ti èso tó ti dàgbà ni a ń sọ. ‘Gbọ́’, tó ní àmì lábẹ́, ni. Ó kéré tán, ó ń ṣe iṣẹ́ mẹ́fà, àbọ̀ tó tẹ̀lé e ni í sì í sọ èyí tó ń ṣe.

Èkíní, a ń gbọ́ ìró: mo gbọ́ igbe, mo gbọ́ ohùn rẹ̀. Èkejì, a ń gbọ́ ìròyìn: mo gbọ́ pé wọ́n ti san owó oṣù. Ẹ̀kẹta, a ń gbọ́ èdè. Ẹni tó bá ní òun gbọ́ Faransé kò sọ pé òun ti fetí kó ìró Faransé lórí rédíò rí. Ohun tó ń sọ ni pé bí wọ́n bá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ń wọ òun lára. Láti ibẹ̀ ni a ti rí ‘gbédè’. Ẹ̀kẹrin, a ń gbọ́ òórùn. Imú ló ń ṣiṣẹ́, síbẹ̀ ‘gbọ́’ ni ọ̀rọ̀ tí a ń lò, a sì ti yọ́ ọ pọ̀ di ‘gbóòórùn’. Ẹ̀karùn-ún, a ń gbọ́ràn. Bí ìyá kan bá ní, ‘Ọmọ yìí kì í gbọ́,’ kò sí ẹni tí yóò gbé ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ dókítà elétí. Bí ó bá jẹ́ pé etí ni kò ṣiṣẹ́, a ó ní etí rẹ̀ di. Ẹ̀kẹfà, a ń gbọ́ ẹjọ́, a ń gbọ́ àdúrà, a sì ń gbọ́ bùkátà. Baálé tó ń gbọ́ bùkátà ilé rẹ̀ kì í ṣe ẹni tó kàn jókòó tí ó ń fetí sí ẹ̀dùn wọn. Ó ń náwó.

Kí ló so mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀? Lójú tèmi, òun ni pé ohun kan tó wà lóde wọ inú ẹni láìjẹ́ pé ojú ló gbé e wọlé, ó sì bá ẹni tí yóò gbà á níbẹ̀. Nínú ìró àti òórùn, gbígbà yẹn kò ju kí ara mọ̀ ọ́n. Nínú èdè, òye ni. Nínú ọ̀ràn, ẹjọ́, àdúrà àti bùkátà, ìṣe ni. Ìdí nìyẹn tí ‘Mo gbọ́ ohun tí o wí, ṣùgbọ́n kò yé mi’ fi bá ọgbọ́n mu: etí ti gbà á, òye kò tíì gbà á. Yorùbá mọ̀ pé gbígbọ́ ní ìpele. Ó ní ‘gbọ́’, ó ní ‘gbọ́yé’, ó sì ní ‘gbọ́tán’. Òwe tí àwọn àgbà ń pa nípa àwọn aládùúgbò wa ní Badagry àti Pọ́tònóvò gbé e yọ: Àgbọ́ìgbọ́tán Ègùn, ìjà ní í dá sílẹ̀. Òwe nípa gbígbédè ẹlòmíràn ni. Kò dá ẹni tí kò gbọ́ Ègùn rárá lẹ́bi. Ẹni tó gbọ́ ọ dé ìdajì, tó rò pé òun ti gbọ́ ọ tán, ni ó ń bá wí.

Ó yẹ kí a tún sọ ibi tí ‘gbọ́’ kì í dé. A kì í gbọ́ adùn ọbẹ̀, a ń tọ́ ọ wò ni. Ebi, òtútù àti ẹ̀rù kì í ṣe ohun tí a ń gbọ́. Ebi ló ń pa wá, òtútù ló ń mú wa, ẹ̀rù ló ń bà wá. Nínú gbólóhùn wọ̀nyẹn, ènìyàn ni àbọ̀, ohun tó ń ṣe é ni olùwà. Ààlà yìí yóò wúlò fún wa láìpẹ́.

‘Nụ’ ti Ìgbò àti ‘ji’ ti Haúsá

Ẹni tó bá ń gbé Enugu yóò ti gbọ́ ìbéèrè yìí lójú ọ̀nà Agbani: ‘Ị na-anụ Igbo?’ Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, ‘Ṣé o gbọ́ Ìgbò?’ ni, láìyọ kúrò, láìfi kún un. Bí ẹni tó ń ta ọ̀kpa bá ṣí abọ́ rẹ̀, tí òórùn rẹ̀ gba gbogbo àdúgbò, Ìgbò a ní òun ‘nụrụ isi’, Yorùbá a ní òun gbọ́ òórùn. Títí dé ibí, àwọn méjèèjì ń rìn pọ̀. Nínú ebi pàápàá wọn kò yà: Ìgbò ní ‘Agụụ na-agụ m’, níbi tí ebi ti jẹ́ olùwà, gẹ́gẹ́ bí tiwa. Ṣùgbọ́n Ìgbò lè ‘nụ ụtọ’, ìyẹn ni pé ó lè fi ọ̀rọ̀ kan náà sọ̀rọ̀ adùn tó wọ òun lára. Yorùbá kì í bá a débẹ̀. Bí ó bá sì kan ìgbọràn, ‘rube isi’ ni Ìgbò sábà máa ń lò, ‘isi’ tí í ṣe orí ló sì wà níbẹ̀, kì í ṣe ‘isi’ tí í ṣe òórùn. Ohùn ni ó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Bákan náà ni àmì orí lẹ́tà ya ‘nụ’ sọ́tọ̀ kúrò lára ‘ṅụ’, tí í ṣe mu. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò kọ àmì ti sọ ẹni tó ń gbọ́ Ìgbò di ẹni tó ń mu ún.

Oko Haúsá ni ó tóbi jù. ‘Kana jin Hausa?’ ni wọ́n fi ń béèrè bóyá ènìyàn gbédè wọn. ‘Jin wari’ ni kí a gbọ́ òórùn burúkú, ‘jin ƙamshi’ ni ti òórùn dídùn. Ẹni tí kò bá gba ìmọ̀ràn, wọ́n a ní ‘ba ya ji’, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ pé kì í gbọ́. Lẹ́yìn èyí ni Haúsá fi wá sílẹ̀ lọ: ó ń ‘ji yunwa’, ó ń ‘ji tsoro’, ó ń ‘ji daɗi’. Ebi, ẹ̀rù àti ìgbádùn wọ inú ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹni tó ṣèṣe, wọ́n ní ‘ya ji ciwo’. Àánú pàápàá di ‘jinƙai’. Haúsá tó bá ní ‘Ina jin ya tafi’ lè má fetí gbọ́ nǹkan kan. Ohun tó ń sọ ni pé òun rò pé ẹni náà ti lọ.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí jẹ́ aládùúgbò. Oko wọn pààlà, ṣùgbọ́n wọn kò tóbi bákan náà. Ní ibi ìró, èdè àti òórùn, wọ́n pàdé. Ní ibi adùn, Yorùbá dúró, Ìgbò ń lọ. Ní ibi ebi àti ẹ̀rù, Yorùbá àti Ìgbò dúró, Haúsá ń lọ. ‘Hear’ ti Gẹ̀ẹ́sì kò kọjá ìró, ìròyìn, ẹjọ́ àti àdúrà. Kò dé ibi èdè, kò sì dé ibi òórùn, ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn èdè wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé.

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan. Akan ní Gánà a máa béèrè pé ‘Wote Twi anaa?’, ‘te’ yìí sì ni gbọ́. Ewé ń lo ‘se’, Fọ̀n ń lo ‘sè’, fún ìró àti fún èdè. Ìbátan tímọ́tímọ́ sì ni Ègùn inú òwe wa jẹ́ sí Fọ̀n. Píjìn tí ọmọ Enugu ń sọ gba ọ̀nà kan náà: ‘You dey hear Yoruba?’ Ọmọbìnrin tí a fi rẹ́rìn-ín yẹn kò dá àṣìṣe sílẹ̀ láti inú òfo. Èdè ìyá rẹ̀, èdè bàbá rẹ̀ àti Píjìn àdúgbò rẹ̀ ló fi ohùn kan kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rí láti òkèèrè

Àwọn kan lè wí pé àìtó ọ̀rọ̀ ló mú kí èdè Áfíríkà kó gbogbo nǹkan wọ̀nyí sábẹ́ ‘gbọ́’. Ẹ jẹ́ kí a wo èdè àwọn ẹlòmíràn. Nínú Jẹ́nẹ́sísì 11:7, níbi ìtàn ilé ìṣọ́ Bábélì, ọ̀rọ̀-ìṣe tí Hébérù lò fún ohun tí àwọn ènìyàn kò ní lè ṣe sí ọ̀rọ̀ ara wọn mọ́ ni ‘shama’, tí ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an jẹ́ gbọ́. Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti King James, ti 1611, fi ‘understand’ rọ́pò rẹ̀. Bíbélì Yorùbá, tí odindi rẹ̀ parí ní 1884, tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther sì jẹ́ òpómúléró iṣẹ́ náà, lo ‘gbédè’. Ní ibí yìí, Yorùbá sún mọ́ Hébérù ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. ‘Shama’ kan náà ni Hébérù sì ń lò fún ìgbọràn.

Lárúbáwá pín iṣẹ́ náà sí méjì, ‘samʿ’ fún gbígbọ́ àti ‘ṭāʿa’ fún ìgbọràn, ṣùgbọ́n wọ́n sábà máa ń tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn. ‘Obey’ ti Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ wá láti inú ‘oboedire’ ti Látìn, ‘audire’, ìyẹn gbọ́, ló sì wà nínú rẹ̀. Jámánì ní ‘hören’ fún gbọ́, ó ní ‘gehorchen’ fún gbọ́ràn. Ará Rọ́ṣíà lè sọ pé òun gbọ́ òórùn. ‘Sentire’ ti Ítálì ń gbọ́ ohùn, ó ń gbọ́ òórùn, ó sì ń mọ ìrora lára, gẹ́gẹ́ bí ‘ji’. ‘Entendre’ ti Faransé, tí wọ́n ń lò fún etí lónìí, iṣẹ́ òye ló ń ṣe láyé àtijọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, kò sí ẹni tó lè fi ‘gbọ́’ ṣe àmì àìtó èdè wa.

Lámèyítọ́ àtẹ olópòó

Ibo ni àtẹ olópòó ti wá? Ó ti pẹ́ láàárín wa. Ní 1843 ni àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Crowther ṣe jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1854, Sigismund Koelle, míṣọ́nnárì ará Jámánì tó ṣiṣẹ́ ní Freetown, gbé Polyglotta Africana jáde. Ó mú ọ̀rọ̀ àti àpólà tó súnmọ́ 300, ó bi àwọn ènìyàn tí a gbà lọ́wọ́ òwò ẹrú léèrè bí èdè wọn ti ń pè wọ́n, ó sì to ìdáhùn wọn ní òpó, èdè lé èdè. Iṣẹ́ ńlá ni. Ó jẹ́ kí a mọ èdè tó bá èdè tan. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí irú àtẹ bẹ́ẹ̀ wà fún ni kí a fi ìró ọ̀rọ̀ wé ìró ọ̀rọ̀. Àwa ni a gbé e wọ kíláàsì, tí a sọ ọ́ di ìwé ìtumọ̀.

Àléébù rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta. Àkọ́kọ́, Gẹ̀ẹ́sì ló ń dá ìlà sílẹ̀: ohun tí Gẹ̀ẹ́sì bá pè ní ọ̀rọ̀ kan ni àwọn èdè yòókù gbọ́dọ̀ wá kún. Èkejì, ó ń yọ ọ̀rọ̀-ìṣe kúrò lára àbọ̀ rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé àbọ̀ ni ó ń sọ ìtumọ̀. Ẹ̀kẹta, ó ń fún olùkọ́ ní ìdánilójú tí kò yẹ kí ó ní. Akẹ́kọ̀ọ́ mi gbọ́ ‘gbọ́’ dé ìdajì, ó rò pé òun ti gbọ́ ọ tán, ó sì fi dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọmọ àti èdè ìyá rẹ̀.

Ọ̀nà tó dára ju èyí lọ ti wà nílẹ̀ tipẹ́. R. C. Abraham ṣe atúmọ̀ èdè Haúsá tó jáde ní 1949 àti ti Yorùbá tó jáde ní 1958. Ènìyàn lè bá a jiyàn lórí ọ̀pọ̀ nǹkan, ṣùgbọ́n kì í fi ọ̀rọ̀ kan lé ọ̀rọ̀ kan kí ó sì lọ. Ó ń to àpólà àti gbólóhùn jọ títí ìlò ọ̀rọ̀ yóò fi hàn. Àwa tí a ní ìwé yẹn lórí pẹpẹ ni a gé e kúrú di òpó mẹ́rin.

Ojú àti etí

Ọ̀rọ̀ yìí kan ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ní gbogbogbòò. Åke Viberg, nínú iṣẹ́ rẹ̀ ti 1984 lórí àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe ìmọ̀lára, fi hàn pé rírí ló wà lókè, gbígbọ́ tẹ̀lé e, àwọn yòókù wà nísàlẹ̀, àti pé ọ̀rọ̀ tó wà lókè ni ó sábà máa ń nà dé ìsàlẹ̀. ‘Gbọ́’ tó nà dé òórùn bá èyí mu. Ní 1990, Eve Sweetser sọ pé ojú ni èdè fi ń sọ̀rọ̀ òye, etí sì wà fún ìgbọràn. Àwọn èdè ilẹ̀ Yúróòpù àti ìbátan wọn ni ó gbé e lé jù. Ní 2000, Nicholas Evans àti David Wilkins mú ẹ̀rí wá láti inú èdè àwọn ọmọ onílẹ̀ Ọsirélíà pé etí ni àwọn yẹn fi ń sọ̀rọ̀ ìmọ̀ àti òye.

Yorùbá kò jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan pátápátá. A ń gbọ́ èdè, a sì ń ní ‘mo rí i pé òótọ́ ni’. Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà, nítorí náà ojú ṣì ni ẹlẹ́rìí tó ga jù. Ṣùgbọ́n ní ti èdè, etí ló ni í. Olùkọ́ tó ń fi ìwé Gẹ̀ẹ́sì nìkan kọ́ni ní ìmọ̀ ìtumọ̀ yóò gba ọ̀rọ̀ Sweetser bí ẹni pé gbogbo ayé ni ó ń sọ, yóò sì gbàgbé èdè tó fi kí ìyá rẹ̀ láàárọ̀.

Àtakò kan àti èsì rẹ̀

Ẹnìkan lè bi mí pé: ṣé kí a wá gba ‘I can hear Yoruba’ wọlé nínú ìdánwò ni? Rárá. Ní Gẹ̀ẹ́sì tí a ń kọ fún ìdánwò, ‘understand’ ni ó tọ́, olùkọ́ tí kò bá sì kọ́ ọmọ bẹ́ẹ̀ ti fi í sílẹ̀ nínú ewu. Ohun tí mo ń bá wí ni bí a ti ṣe àtúnṣe náà, kì í ṣe àtúnṣe fúnra rẹ̀.

Ẹ sì tún wo gbólóhùn ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní Yorùbá, bí a bá ní, ‘Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì,’ ó lè túmọ̀ sí pé ó yé e, ó sì lè túmọ̀ sí pé ó ń sọ ọ́ dáadáa. Ọmọ náà mọ̀ pé ìtumọ̀ lè pín sí méjì. Ìdí nìyẹn tó fi fi kún un pé òun kò lè sọ ọ́. Ó fi gbólóhùn kan ṣe àlàyé ipò tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa wà nílẹ̀ àjèjì: èdè ìyá ń wọlé, kò tíì ń jáde. Ẹni tó lè sọ èyí ti mọ nǹkan nípa èdè. Òdo kọ́ ló yẹ ẹ́.

Àbá

Èkíní, kí a dẹ́kun fífún akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ ní àtẹ ọ̀rọ̀ kan sí ọ̀rọ̀ kan fún ọ̀rọ̀-ìṣe. Kí a kọ́ wọn ní ‘gbọ́ ìró’, ‘gbọ́ èdè’, ‘gbọ́ òórùn’, ‘gbọ́ràn’, ‘gbọ́ bùkátà’, kí wọ́n sì wá ẹlẹgbẹ́ odindi àpólà, kì í ṣe ti ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Èkejì, kí ẹ̀ka Yorùbá, Ìgbò, Haúsá àti Gẹ̀ẹ́sì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan náà jókòó pọ̀ ṣe irú iṣẹ́ yìí. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó gbọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán.

Ẹ̀kẹta, kí fọ́ọ̀mù tí a fi ń máàkì ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ ní àyè fún ìbéèrè yìí: ǹjẹ́ olùkọ́ mọ ibi tí àṣìṣe ọmọ ti wá?

Ẹ̀kẹrin, kí a kọ àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀, nínú Yorùbá àti nínú Ìgbò, nígbà gbogbo.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé ‘gbọ́’, ‘nụ’ àti ‘ji’ pàdé níbi tí ‘hear’ kò dé, wọ́n sì yà níbi tí àtẹ wa sọ pé wọ́n dọ́gba. Akẹ́kọ̀ọ́ mi padà sí kíláàsì náà, ó sì ṣàlàyé fún wọn pé Yorùbá àti Ìgbò ń gbọ́ èdè, Gẹ̀ẹ́sì ni kì í gbọ́ ọ. Mo yin ín fún un. Èmi náà ti yọ ìlà yẹn kúrò nínú àtẹ mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń kọ iṣẹ́ yìí, ọmọ náà ṣì ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá ìyá rẹ̀ lóhùn. Igi pupa kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ láti fà. Pípa rẹ́ rẹ̀ ni ó ń pẹ́.